A Dúpẹ́ Tí Dókítà Kọ Sílẹ̀

Ẹni tó bá ní kí n má bínú, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí dókítà fi ẹnu ọkọ mi ṣe.

Kóòdù-rúùmù ẹja kan lọ́nà Ìjànikin ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Páálí ẹja dídì ló ń rù láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kan, páálí tí wọ́n tò kan àjà ya lù ú, ó sì fọ́ èjìká ọ̀tún rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ò jiyàn. Ó ní owó gbà-máà-bínú wà fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, àmọ́ ohun tí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ bá kọ ni wọn ó tẹ̀ lé. Bí dókítà bá ní apá náà ò lè gbé ẹrù mọ́, wọn á sanwó. Bó bá ní ó ti san, kó padà sídìí páálí. Bẹ́ẹ̀ ni jíjẹ mímu wa ṣe bọ́ sẹ́nu bírò ẹnì kan.

Ègùn Àjídò ni ọkọ mi, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé èèyàn kì í fẹnu ara ẹ̀ pe àìsàn. Bí ibà ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, tẹ́ ẹ bá bi í pé báwo ni ara, á ní a dúpẹ́. Àwórì ni èmi, gàrí ni mo ń tà lọ́jà Agbálátà, ẹnu mi ò sì dákẹ́. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Dádì, bí ilé bá ń jó lórí yín, ẹ ó ní a dúpẹ́." Á kàn rẹ́rìn-ín.

Bákan náà ló rí ní gbogbo ìgbà tá a lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹn, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, kì í gbójú sókè. Á máa kọ̀wé lọ.

"Bàbá, ṣé ara ti ń le?"

"A dúpẹ́, dókítà."

"Ẹ̀ ń lo oògùn yín?"

"À ń lò ó, sà. A dúpẹ́."

Ó parí. Láti ọjọ́ tó ti tú báńdéèjì, kò fọwọ́ kan èjìká yẹn mọ́. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí Bàbá fúnra wọn dáhùn."

Ìwé rẹ̀ dé ọwọ́ ọ̀gá, ọ̀gá sì kà á sí wa létí: aláìsàn sọ fúnra rẹ̀ pé ara òun ti le, ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Yéè! Ọmọ Yorùbá wo ni ò mọ̀ pé ẹni tí olè kó lẹ́rù pàápàá ń sọ pé a dúpẹ́? Opó ń sọ ọ́ nídìí òkú! Ìkà ni dókítà yẹn, àbí ọ̀lẹ?

Mi ò tiẹ̀ yà sílé. Mo di ọwọ́ òsì ọkọ mi mú, ó di ọsibítù. Mi ò kí ẹnikẹ́ni.

"Dókítà, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run! Ẹ ní kí wọ́n gbé apá yẹn sókè. Ẹ ṣáà ní kí wọ́n gbé e!"

Ọkọ mi ń fà mí láṣọ, ojú ń tì í. Dókítà fi bírò sílẹ̀, ó ní kó gbé e. Apá náà dé ọ̀gangan àyà, ó dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Òógùn bò ó lójú.

"Bàbá, ṣé ó ń dùn yín?"

Ó tún ti ń ya ẹnu láti dúpẹ́. Mo ní, "Dádì, ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ sọ ọ́!"

Ó wolẹ̀. "Ó ń dùn mí, sà. Mi ò lè fi wẹ̀. Mi ò lè gbé nǹkan kan mọ́." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò rí i kó sunkún rí, títí kan ọjọ́ tá a sin ìyá rẹ̀.

Dókítà kọ ìwé mìíràn, ó kọ ohun tó fojú ara ẹ̀ rí. Ó bẹ̀ wá. Mo di ọwọ́ òsì ọkọ mi mú, a jáde. Wọ́n sanwó náà nígbẹ̀yìn, a sì ń jẹun.

Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Bí àwọn ará ìjọ bá bi ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé báwo ni ara, á kọ́kọ́ wo ojú mi, bóyá òun lè sọ pé a dúpẹ́.