Palomba Ni, Kì Í Ṣe Nọ́ńbà
Onídìrí ni Palomba Florentin, ọmọ Júù, ní Sàlóníkà nílẹ̀ Gíríìsì kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé. Ọmọge Júù tó bá ń lọ sílé ọkọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń ṣerun. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ẹnu lọ. Òun àti Regina àbúrò rẹ̀ ló jọ ni ṣọ́ọ̀bù. Wọn a jà láàárọ̀, wọn a sì jọ jẹun lọ́sàn-án.

Nígbà tí ogun dé, àwọn ará Jámánì kó gbogbo Júù ìlú náà sínú ọkọ̀ ojú irin, ó di Auschwitz, àgọ́ tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù. Wọ́n fá orí gbogbo obìnrin, wọ́n fín nọ́ńbà sí wọn lápá. Palomba ń wá àbúrò rẹ̀ kiri láàárín àwọn orí kodoro. Ẹnìkan tó dúró tì í ní, "Àǹtí mi, èmi rèé." Palomba wo ojú náà títí, kò mọ̀ ọ́n. Ohùn ló fi dá a mọ̀.

Ibà pa Regina síbẹ̀. Nígbà tí ogun parí, Palomba padà wálé, kò bá ará ilé kankan, ó sì tún ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ ogbó ló tó kọ ìtàn ayé rẹ̀, ó gbé e lọ fún Stratos tó ń tẹ̀wé.

"Màmá, ìwé yìí á tà," Stratos wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú irin, ká sì fi nọ́ńbà apá yín pe ìwé náà."

"Ìjà èmi àti Regina ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. Ẹ tún bú èèyàn jù níbẹ̀. Ẹni tí ìyà jẹ làwọn èèyàn fẹ́ kà nípa rẹ̀."

"Àwọn tó fín nọ́ńbà yìí ní n kò lórúkọ, n kò sì lẹ́bí. Ṣé o wá fẹ́ bá wọn parí iṣẹ́ náà ni?"

"Màmá, n ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Kó ìwé mi fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fáwọn oníbàárà rẹ̀. Ìkan ní, "Ẹ sáré dé ibi ogun, Màmá."

"Fara balẹ̀. Regina ò tíì bá mi jà tán."

Bí àwọn obìnrin bá ṣerun tán, wọn kì í lọ sílé. Ìyá Stratos wà lára wọn. Òun ló lọ bá ọmọ rẹ̀ wí. Stratos padà wá, ó tẹ gbogbo rẹ̀, ìjà àti èébú, pẹ̀lú orúkọ Palomba gàdàgbà lójú ìwé.

Lọ́jọ́ tí ìwé jáde, oníwèé ìròyìn kan ní kó ká apá aṣọ sókè fún fọ́tò. Palomba fà á sílẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.

"Ojú mi rèé," ó ní. "Òun ni kó o yà."