Síìtì tí Alhaja fi sínú ọkọ̀ ẹrù wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, kí n ròyìn ohun tójú mi rí nínú ọkọ̀ ẹrù wa ní Muṣin. Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ò wọlé sí mi lẹ́nu!

Fíríìsà là ń kó. Dẹ́rẹ́bà ni mí, irun orí mi ti funfun báláú, àmọ́ mo ṣì ń wakọ̀ dáadáa o.

Bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ rèé. Tí a bá ti to fíríìsà sẹ́yìn ọkọ̀ tán, ẹnì kan á wọ àárín wọn, á fẹ̀yìn tì wọ́n kí ara wọn má bàa họ. A ó ti ilẹ̀kùn. Òkùnkùn biribiri, ooru bíi ti ààrò! Tó bá fẹ́ kí n dúró, á gbá ara ọkọ̀, gbà-gbà. Tí mo bá já sí kòtò, á gbá a lẹ́ẹ̀kan, kí n lè mọ̀ pé kò séwu. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Èèyàn la sọ di okùn!

Làmídì, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ibẹ̀ ló kú sí. Mo tẹ bíréèkì, mo retí kó gbá ọkọ̀. N ò gbọ́ nǹkan kan; fíríìsà ti wó lù ú. Títí dòní, etí mi ṣì ń retí ẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ín ni Alhaja Síkírátù, ọ̀gá wa, ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ṣínà wẹ́dà. Nígbà tí ọkọ̀ máa jáde, ẹnu yà mí! Ṣínà ti fi ògiri irin pín inú ọkọ̀ sí méjì: ẹrù lẹ́yìn, èèyàn níwájú. Síìtì onífóòmù! Bẹ́líìtì! Fèrèsé tó ń ṣí! Fáànù kékeré! Okùn gidi tí wọ́n fi ń de ẹrù náà wà níbẹ̀.

Mo rò pé gbogbo wa la máa jó. Àfi Wàsíù! Wàsíù ni agbẹ́rù wa, Làmídì ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó wo síìtì, ó yínmú. "Bàbá, ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ gbé ni, àbí fíríìsà?" Ó ní kò sókùn tó lè mú fíríìsà bí ẹ̀yìn èèyàn, pé tí ara ẹ̀ bá họ, agbẹ́rù náà ni wọ́n máa jágbe mọ́. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti gun ẹ̀yìn ọkọ̀.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́! Mo ní n ò gbé èèyàn síbẹ̀ mọ́, kódà kí kọ́sítọ́mà tó ń dúró dè wá ní Surulere bú mi tìyá-tìyá. Ojú Wàsíù pọ́n. Ó ní ṣé mò ń sọ pé ohun tí Làmídì kọ́ òun ò dáa ni?

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo ní, "Wàsíù, Làmídì ò yan ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó fún un ní síìtì ni."

Alhaja tó dúró tì wá ní tí ara fíríìsà bá họ, òun lòun máa dá kọ́sítọ́mà lóhùn. Ni Wàsíù bá sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìbínú de ẹrù, ó wá jókòó sẹ́yìn mi, ó ń kùn pé mo so òun mọ́lẹ̀ bí àgbò Iléyá.

A ò tíì rìn jìnnà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan fi já lu iwájú wa. Mo tẹ bíréèkì! Okùn kan já, fíríìsà sáré wá kọlu ògiri irin, gbòlà! Kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo kàn jókòó gbagidi, mò ń retí kí ẹnì kan gbá ọkọ̀.

"Bàbá, ojú yín dà? Ẹ ti fẹ́ fi mí ṣe sàárà!"

Ẹ̀yìn ọrùn mi gan-an lohùn yẹn ti wá! Èébú ò dùn mọ́ mi báyẹn rí. Mo bú sẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi, Wàsíù ń béèrè pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a já ẹrù tán, ó lọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí irin ti tẹ̀ wọnú. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Òfìfo la gbé ọkọ̀ padà, àyè wà lẹ́yìn tó lè nà gbalaja sí. Síìtì ló wọ̀. Ó de bẹ́líìtì ẹ̀, ó wá wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Bàbá, tiyín ńkọ́?"

Ẹ wò ó, fíríìsà tó họ, ọ̀dà wà tí wọ́n lè fi kùn ún. Èèyàn ńkọ́? Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ẹrù, ẹ wá ibi tó dáa fáwọn tó ń bá yín gbẹ́rù! Ẹ̀yin agbẹ́rù ní Ọtọ, ní Yábà, níbi gbogbo, níbo lẹ ń jókòó sí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi yìí fún mi, ẹ fi orúkọ yín àti tàwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ sí i. Mo fẹ́ mọ̀ yín lórúkọ nígbà tí ẹ ṣì lè jẹ́ ẹ!