Ẹnu Tí Mo Fi Tọ́ Gàrí Wò

Èmi ni mo sọ pé gàrí náà kan dáadáa. N kò mọ̀ bóyá ó kan.

Mo rántí ìgbà ìjọba ológun tó ń jẹ́ Rẹfolúsíọ̀n, tí àwa ń pè ní Ehuzu, nígbà tí obìnrin oníwàádìí kan ti Kútọnu wá sí abúlé wa ní Ifangni. Ó gbé omi kan wá nínú ìgò. Ó ní bí a bá bù ú sí ẹ̀gẹ́ rírin, kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ti kan, a ò ní máa fi òkúta tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan mọ́. Ó mú bébà kan dání pẹ̀lú, èyí tó ń yí àwọ̀ padà bí ẹ̀gẹ́ bá ti kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bébà náà pọ́n díẹ̀, a sì yan gàrí náà. Ó ní ìyẹn kò tó, òun fẹ́ ẹnu tó mọ gàrí.

Oṣù ààwẹ̀ la sì wà. Ìyá tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n bá òun sọ ọ́ ní Faransé: "Màmá dókítà, ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ̀. Lálẹ́ yìí a ó jẹ ẹ́ tán, a ó tún lá igbá!" Obìnrin náà gbà. Délégé, aṣojú ìjọba ní abúlé wa, kò gbà. "Rẹfolúsíọ̀n kì í gbààwẹ̀! Mọ́tò ń padà sí Kútọnu nísinsìnyí."

Ni gbogbo ojú bá yí sí mi. Ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sílẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbààwẹ̀. Wọn ò rántí pé ibà yẹn náà ti mú adùn kúrò lẹ́nu mi, iyọ̀ àti ṣúgà ò yàtọ̀ létè mi. Èmi rántí. Ṣùgbọ́n mo ti ń rí ara mi nínú mọ́tò yẹn, tí mò ń lọ Kútọnu bí ọ̀mọ̀wé, èmi tí n kò parí ilé ìwé. Mo ju gàrí sẹ́nu, mo gbójú sókè: "Sè trè bọ́n! Ó dáa gan-an!"

Bí mo bá sọ òótọ́, obìnrin náà ì bá lọ tún omi rẹ̀ ṣe. Ohun tó wá bèèrè nìyẹn. Mọ́tò lọ, wọn ò mú mi dání. Délégé pàṣẹ pé omi ìgò ni kí a fi ṣe gbogbo ẹ̀gẹ́ abúlé. Nígbà tí adùn padà sẹ́nu mi, mo tọ́ gàrí náà wò, ó tẹ́ bí eérú. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Bí mo bá ní irọ́ ni mo pa, mo di ọ̀tá ìjọba. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀gẹ́ àwọn èèyàn mi ń ṣòfò. Mo ń jí, mo ń sùn, n kò ríbi gbà. Mo dákẹ́.

Àwọn oníbàárà wa láti òdì kejì bọ́dà rẹ gàrí náà, wọ́n mu ún, wọ́n tú u dà sílẹ̀. Délégé kó jáńdámù, àwọn ọlọ́pàá ìjọba, wá sí ìpàdé. "Ta ló bà á jẹ́?"

Ìyá náà wò mí. Òun ló ń fún mi lẹ́kọ nígbà tí ibà ń ṣe mí, ó sì gbọ́ bí mo ṣe ń ṣàròyé pé ẹ̀kọ náà kò dùn lẹ́nu. Ó mọ̀. Ó dìde. "Ẹ fi àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀. Èmi lolórí, ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́." Mo di bẹ́ńṣì mú, n kò lè dìde.

Àwọn jáńdámù mú un lọ. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní àgọ́ wọn, ẹlòmíràn ti gba ipò rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ ń ba gàrí jẹ́, wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan tiwọn mọ́. Ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Banigbé.

Mo máa ń lọ kí i. Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti tán. Kò tán. Ojú gbogbo abúlé ni mo ti sọ pé gàrí náà kan. Ojú wọn náà ló yẹ kí n ti sọ pé ẹnu mi kò mọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ sì ti ń kú lọ.