Ìdérí Àwo Méjì

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Bàbá Ìgò ni wọ́n ń pè é, torí ìgò ìgbẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ti ènìyàn ń wá láti ilé ìwòsàn, ti ẹran ń wá láti oko. Òun ló ń wo èyí tí kòkòrò inú rẹ̀ ń tu oró. Ó ti ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún, kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ìgò méjì dé láti ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ-ọmọ obìnrin náà, tó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Èkejì jẹ́ ti ọmọ màlúù tí wọ́n jọ ń ṣeré. Dókítà ń dúró de èsì. Bí oró bá wà, kò ní gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò, torí ó lè mú kí oró pọ̀ sí i, kí kíndìnrín ọmọ bàjẹ́. Bí kò bá sí, yóò gún un kíá.

Bàbá Ìgò fi ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú àwo tó ní oúnjẹ kòkòrò, ó gbé wọn sínú àpótí gbígbóná di ọjọ́ kejì. Orí ìdérí ló kọ "ọmọ" àti "màlúù" sí. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: ìdí àwo ni kó máa kọ ọ́ sí, ìdérí a máa rìn. Ó ń gbọ́, kò gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí àwo méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan fèrèsé.

"Àbúrò mi, ṣé o ti rí i?"

"Ìgbẹ́ ni mò ń wò, ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Ẹ lọ jókòó."

"Ìwọ náà ti yàgbẹ́ sí mi lẹ́yìn rí. Má jágbe mọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dé àwo, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fi ohun tó hù nínú àwo kọ̀ọ̀kan kan pépà ìdánwò. Ìlà kan, kò sí oró. Ìlà méjì, oró wà.

Ọmọ: ìlà kan. Màlúù: ìlà méjì.

Orí rẹ̀ dàrú. Màlúù lè gbé oró kiri kó má ṣe é ní nǹkan kan, ìyẹn ó mọ̀. Ọmọ tó ń ya ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ìdérí wo ló kọ́kọ́ dé nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ̀rọ̀? Kò rántí. Ó gbé àwo sókè, ó wo ìdí wọn. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí i. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ó dìde, ó lọ bá dókítà níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ọmọ náà wà.

Dókítà ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ sílẹ̀ de èsì.

"Ẹ dúró. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ."

"Kí lẹ ní ẹ ò mọ̀, Bàbá?"

"Orí ìdérí ni mo kọ ọ́ sí. Ó lè ti pààrọ̀."

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọmọ náà mọ́ra, ó kẹ̀yìn sí àbúrò rẹ̀. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Wọ́n gba ìgbẹ́ mìíràn lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ìdí àwo ló kọ ọ́ sí, gàdàgbà gàdàgbà. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ: ìlà méjì. Màlúù: ìlà méjì.

"Àwọn méjèèjì? Ta wá ni kò ní oró lánàá?"

"Dókítà, mi ò mọ̀."

Kò tíì mọ̀ títí dòní. Wọn kò gún ọmọ náà. Omi ni wọ́n ń fún un, omi ṣáá, wọ́n sì ń ṣọ́ bóyá kíndìnrín rẹ̀ á jẹ́ kó tọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré wọlé: "Ó tọ̀! Ó tọ̀ dáadáa!" Ó gbé ìgò wàrà kan lé tábìlì. "Gbà. Àárọ̀ yìí ni mo fún un lára ìyá ọmọ màlúù yẹn, kò tíì kan iná."

"Ṣé irú rẹ̀ lọmọ náà ń mu?"

"Ojoojúmọ́. Kí ló dé?"

Ó dé ìgò náà pinpin. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná. Kòkòrò inú ìgbẹ́ màlúù a máa wọ inú wàrà tí kò kan iná."

Nígbà tó délé, ó se wàrà náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì lè mu ún. Búrẹ́dì àti omi ló jẹ.