Owó Orí Tí A San Níbi Méjì

Òórùn kọfí tí wọ́n sá sórí ẹní lẹ́bàá ọ̀nà ló kọ́kọ́ pàdé wa ní Kàbà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òórùn bí ìgbà tí èso bá ń kan díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn. Ọ́fíìsì owó orí wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ilé gígùn kan tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kún fún àwọn ọkùnrin tó fajú ro bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Èmi nìkan ni obìnrin ibẹ̀. Láyé ìgbà náà, lọ́dọ̀ wa, àwọn ọkùnrin nìkan ni ìjọba ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ àwa obìnrin la máa ń yá wọn lówó tí wọ́n fi ń san án, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn?

Iyọ̀ ló gbé mi débẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Iyọ̀, kẹrosíìnì, ọṣẹ àti ìṣáná ni mò ń tà ní ìlú wa tó wà nítòsí ìlú Ìyàrá, nínú ìsọ̀ kan tí wọ́n fi koríko bo orí rẹ̀. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, àyà mi a já. Koríko yẹn a máa jò sórí àpò iyọ̀, iyọ̀ a yọ́, èrè mi a sì ṣàn gba ẹnu ọ̀nà jáde lójú mi. Páànù ni mo fẹ́. Mo ti fi ọ̀rọ̀ páànù yọ ọkọ mi lẹ́nu débi pé bí mo bá ti lanu báyìí, á ní, "Mo ti gbọ́, páànù."

Ṣùgbọ́n kò sówó. Ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ló ti Jọ́ọ̀sì dé, níbi tó ti lọ ṣiṣẹ́ ìwakùsà, gbogbo ohun tó sì kó bọ̀ ló ná tán sórí ìgbéyàwó wa. Mi ò bá a wí fún ìyẹn o, ọjà gidi ló rà. Lọ́jọ́ kan tí mò ń lé aáyán nínú àpótí rẹ̀, mo rí àwọn ìwé kan tó fi okùn dì pọ̀. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo dá òǹtẹ̀ ìjọba mọ̀. Ó ní ìwé owó orí tí òun san ní Jọ́ọ̀sì ni, fún ọdún mẹ́rin. Mo mú un lọ fi han bàbá rẹ̀. Baba rẹ́rìn-ín, ó wọ yàrá lọ, ó sì mú tirẹ̀ náà jáde. Ọdún mẹ́rin yẹn kan náà, orúkọ ọmọ yẹn kan náà, Baba ti san án nílé!

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lágboolé wa nìyẹn. Bí olóyè tó ń gba owó orí bá dé, àgbà ilé á dìde, á sì ka àwọn ọkùnrin ilé rẹ̀ lórúkọ, èyí tó wà nílé àti èyí tó wà lájò. Ẹni tí wọ́n bá kà ni ará ilé, òun ni wọ́n sì ń pín ilẹ̀ fún. Bàbá tó bá fo ọmọ rẹ̀ tó wà lájò, àfi bí ẹni pé ó ti sin ín. Baba kò fo ọkọ mi rí. Ó ń ta iṣu, ó ń san án, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Owó tí a san lẹ́ẹ̀mejì, ṣebí ó yẹ kí wọ́n dá ọ̀kan padà? Kí ni n bá sì tún máa wá! Ọmọ ẹ̀gbọ́n Baba kan, tí mò ń pè ní ọkọ mi nítorí pé ó ju ọkọ mi lọ lọ́jọ́ orí, ló bá wa lọ bèèrè ní Kàbà. Ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ yá ju bó ṣe yẹ lọ. Oko rẹ̀ àti ilẹ̀ wa tó wà létí odò ló jọ pààlà, ọdọọdún sì ni ebè rẹ̀ máa ń rìn wọ inú tiwa díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ebè lẹ́sẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á gbọ́ ọ. Ó ní, "Kí Baba sáà wá sọ lójú wọn pé láwọn ọdún yẹn, ọmọ òun kì í ṣe ará ilé òun. Ìyẹn náà nìkan. Èmi á ṣe ẹlẹ́rìí."

Páànù ti bò mí lójú. Mi ò gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Bí àwa mẹ́rin ṣe dé iwájú akọ̀wé nìyẹn, èmi, ọkọ mi, Baba tó wọ agbádá rẹ̀ kan ṣoṣo, àti ọkọ mi elébè tó ń rìn. Akọ̀wé náà, ọmọ Yàgbà kan tó sanra, kí Baba dáadáa: "Okun o, Baba."

"Okun, ọmọ mi."

"Baba, ṣé ọmọ yín yìí jẹ́ ará ilé yín láwọn ọdún tí wọ́n kọ síbí?"

"Ará ilé mi ni."

Mo rò pé kò gbọ́ ìbéèrè ni. Mo fi ìgbúnwọ́ gún ọkọ mi. Akọ̀wé tún un sọ: "Baba, Jọ́ọ̀sì ló wà."

"Iṣẹ́ ló lọ ṣe ní Jọ́ọ̀sì. Níbo lo ti wá, ìwọ?"

"Ẹ̀gbẹ̀ ni, Baba."

"Níbo lo wà báyìí?"

"Kàbà."

"Ṣé bàbá rẹ ti fún ẹlòmíràn ní yàrá rẹ ní Ẹ̀gbẹ̀?"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi elébè sún mọ́ Baba, ó ní, "Baba, ẹ sáà sọ ọ́ kí wọ́n kówó fún wa."

Baba yí ojú sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kí n sọ ọ́ kí ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ mi kì í ṣe ará ilé, lẹ́yìn náà kí ìwọ mú ìwé yẹn tọ àwọn àgbà lọ nítorí ilẹ̀ etí odò? Nítorí mi lo ṣe bá wa wá, àbí nítorí ilẹ̀?"

Arákùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè àjà bí ẹni tó ń wá aláǹgbá. Ìgbà yẹn ni ojú mi tó là. Nítorí páànù, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ilẹ̀ ọmọ inú mi nù, nítorí oyún àkọ́bí wa wà nínú mi nígbà yẹn. Ìtìjú mú mi, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í pẹ́ lára ọlọ́jà. Mo ní, "Akọ̀wé, ẹ dákun, ẹ gbọ́ ohun tí Baba sọ. Tó bá jẹ́ pé ará ilé ni ọkọ mi ní gbogbo ọdún yẹn, a jẹ́ pé ibí ló yẹ kó ti sanwó. Kí wá ni àwọn ará Jọ́ọ̀sì ń gba tiwọn fún? Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n dá owó wa padà!"

Akọ̀wé fa ìwé kan jáde. Ó ní ohun tí òun fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Irọ́ ló pa, mo sì fún un ní ìṣáná fún irọ́ náà.

Ó kọ̀wé lóòótọ́. A retí títí, mo bímọ, ọmọ ń rá kí èsì tó dé. Wọ́n ní àwọn á dá ti ọdún kan padà, àwọn yòókù ti pẹ́ jù. Owó náà ra páànù tó bo ìdajì ìsọ̀. Mo kó iyọ̀ sábẹ́ páànù, mo fi ọṣẹ sábẹ́ koríko, bí òjò bá ti rọ̀, ìsọ̀ mi a bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni Baba kú, ọkọ mi sì tún padà sí Jọ́ọ̀sì. Ọkọ mi elébè ló wá di àgbà ilé. Nígbà tí olóyè dé láti gba owó orí, mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mo ti di owó sí etí ìró, ẹnu mi sì ti mú sílẹ̀ de ọkọ mi elébè bó bá fo orúkọ ọkọ mi. Ó dìde, ó ń ka àwọn ọkùnrin. Nígbà tó dé ibi tó yẹ, ó pe orúkọ ọkọ mi ketekete.

Olóyè wò yíká. "Èyí dà?"

"Ó wà nílé," ni ó wí. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti gba owó lọ́wọ́ onírúurú èèyàn, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó ọ̀rọ̀ kékeré yẹn. Mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé òmùgọ̀ ni Baba, tó ń san ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kó san. Àṣé ó ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn ni. Mo tú etí ìró mi, mo sanwó náà, mo sì bu kẹrosíìnì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọkọ mi elébè. Ó gbà á. Lọ́dún yẹn, ebè rẹ̀ dúró sí ààyè rẹ̀.