Orúkọ Karùn-ún Nínú Ìwé Ìbúra

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí a sin bàbá mi ni lọ́yà dá ọjọ́ fún wa. Bàbá fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ ní Ayépé, a sì fẹ́ kí ìwé rẹ̀ bọ́ sí orúkọ àwa ọmọ. Lọ́yà yìí, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, wà lára àwọn tí òfin fún láṣẹ láti gbọ́ ìbúra kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ìwé. Nótárì ni wọ́n ń pe irú wọn. Ó ní kí a wá ní Ọjọ́bọ̀, kí a mú ìwé ẹ̀rí ikú àti fọ́tò pélébé dání, kí n sì kọ orúkọ gbogbo ọmọ bàbá tó wà láàyè, láti orí àgbà.

Ó ní, “Ẹ má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ o. Ìyá yín ló máa búra sí i.”

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀, n kì í fi ìwé ṣeré. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, mo to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì. Ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo kọ orúkọ mẹ́rin, tèmi ló ṣáájú, mo sì kà á sí wọn létí. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

Wọ́n ní, “Ó ku ẹnì kan.”

Mo rò pé àbúrò wa tó kú ní kékeré ni wọ́n ń sọ. Wọ́n mi orí. Wọ́n wá sọ fún mi pé kí àwọn tó pàdé bàbá, nígbà tí bàbá ń ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, obìnrin kan bí ọmọbìnrin kan fún bàbá níbẹ̀. Àwọn ẹbí obìnrin náà kò gbà kí wọ́n fẹ́ra. Bàbá kò fi pa mọ́ fún ìyá mi kí wọ́n tó ṣègbéyàwó.

“Èmi ni mo ní kí wọ́n má mú un wálé,” ni ìyá mi wí. “Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni ṣáájú tèmi. Bàbá yín gbọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé Bíbélì lọ́wọ́ kí n ní mẹ́rin ni yín.”

Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń ká aṣọ tí kò tíì gbẹ kúrò lórí okùn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní àkọ́bí. Tìtorí rẹ̀ ni mo fi ń fara mọ́ ohun púpọ̀, tìtorí rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń gbọ́ mi lẹ́nu nínú ilé. Inú bí mi sí ìyá mi, inú bí mi sí òkú pàápàá. Nígbà tí mo padà wọlé, mo béèrè bóyá wọ́n mọ ilé ọmọ náà. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n, ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ará ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo pe àwọn àbúrò mi lórí fóònù. Àwọn méjì sọ pé ohun tí màmá bá fẹ́ ni kí a ṣe. Àbíkẹ́yìn wa béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí.

Ní Ọjọ́rú, èmi àti ìyá mi wọ mọ́tò lọ sí Ìmùṣin. A bá ọmọ náà, tó ti di àgbà obìnrin, lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé, ó ń rán aṣọ ilé-ìwé. Bó ṣe gbójú sókè, iwájú orí bàbá mi ni mo rí. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi.

Ó ní, “Mo mọ̀ yín, mà. Mo wá sí ìsìn ìkẹyìn Bàbá. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí.”

Ìyá mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní, “Èmi ni mo dènà rẹ. Má bínú.”

Ó já òwú lára aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a. Ó ní òun ní ilé, òun ò wá ilẹ̀.

Mo fa ìwé náà yọ nínú báàgì. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe tìtorí ilẹ̀. Wọ́n ní ká kọ orúkọ láti orí àgbà, mi ò sì mọ bí ẹ ṣe ń kọ tiyín.”

Ẹ̀gbọ́n mi gba bírò lọ́wọ́ mi. Kò sí àyè lókè orúkọ tèmi, wọ́n bá fún tiwọn mọ́ etí ìwé, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní. Nígbà tí a délé, mo tún gbogbo rẹ̀ kọ sórí ìwé tó mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá wa ní ọ́fíìsì lọ́yà ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n mú káàdì ìrìbọmi wọn tí orúkọ bàbá wà lára rẹ̀ dání. Lọ́yà ka ìwé wa, ó béèrè lọ́wọ́ ìyá mi bóyá òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ìyá mi ní òótọ́ ni, ọmọ márùn-ún. Wọ́n búra, wọ́n fọwọ́ sí i, lọ́yà sì lu òǹtẹ̀.

Àbíkẹ́yìn wa kò tíì pe ẹ̀gbọ́n wa lórí fóònù títí di òní. Èmi máa ń pè wọ́n. Nígbà mìíràn a kì í rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ. Wọ́n á béèrè ìyá mi, èmi náà á béèrè àwọn ọmọ wọn, a ó sì dágbére fúnra wa.