Bẹ́ǹṣì Mi Lábẹ́ Ìkòkò

Lánàá, ní ibùdókọ̀ Coconut, ẹnìkan ń fi pákó ọlọ́dà dáná, òórùn rẹ̀ sì tún bí mi nínú.

Lọ́jọ́ tí a wọlé padà lẹ́yìn Kòrónà, l'Ájégúnlẹ̀, kò sí bẹ́ǹṣì kankan ní kíláàsì. Anti wa ní ká jókòó sílẹ̀. Wọn ò wò wá lójú.

Lọ́sàn-án, mo rí bẹ́ǹṣì mi lábẹ́ ìkòkò ìyá oníráìsì ẹnu géètì, iná ń jó orúkọ tí mo fi ìṣó kọ sí i. Mo fà á yọ. Ìyá náà gbá mi létí: "Lọ bi Anti yín."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ebi ló mú kí Anti tà á. Àwọn tó ti ilé ìwé pa, tí wọn ò bi olùkọ́ ohun tó máa jẹ, àwọn ni mi ò ní forí jì.